Kojú Sọ́kọ̀, Kojúsọ́kọ

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, Jael jókòó sórí àpótí kékeré láàárín orúnkún Àǹtí Àrìnpé onídìrí, ó tẹ́ ìwé kan sórí itan, ó sì di pẹ́ńsù mú bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, kì í sọ̀rọ̀ sókè. Ní ti Àǹtí Àrìnpé, kò sí ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀, pàápàá èyí tí kò gbọ́ rí.

"Kí la fẹ́ dì?"

"Ṣùkú ni, mà. Ṣùkú ni sùkúù ní ká dì lọ́sẹ̀ yìí."

"Ṣùkú sùkúù. Ó ti yé mi. Tẹ orí ba."

Jael tẹ orí ba. Nígbà tí òòyà la irun rẹ̀ sí méjì láti iwájú dé ìpàkọ́ tán, ó gbé ohùn kan jáde tó kéré bí ìmí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ohun kan tí mo fẹ́ bi yín."

"Sọ̀rọ̀ sókè. Orí nìkan lo gbé wá, o ò gbé ohùn wá?"

"Fíìmù tí wọ́n ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n lánàá, Ìdílé Kan Ní Erékùṣù. Màmá mi ní nígbà tí àwọn ń kọjá, ó ń lọ lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yín."

"Fíìmù wo ni kì í lọ nínú ṣọ́ọ̀bù mi? Kí ló ṣe é?"

"Tíṣà Ambrose tó ń kọ́ wa ní Yorùbá ló ní kí kálukú lọ gba èrò àgbàlagbà kan wá nípa rẹ̀. Èrò òǹwòran. Bí ẹ bá ṣe sọ ọ́ gan-an ni n ó ṣe kọ ọ́. A ò gbọdọ̀ fi kún un, a ò sì gbọdọ̀ yọ kúrò. Tí a bá parí, ẹ ó fọwọ́ sí i nísàlẹ̀."

"Tí o ò bá rí i gbà ńkọ́?"

"Ẹni tí kò bá rí i gbà, òun fúnra rẹ̀ ló máa jáde láàárọ̀ ọ̀la, nígbà tí gbogbo sùkúù bá tò sórí ìlà, tó máa sọ èrò tirẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Pẹ̀lú gbohùngbohùn, mà."

"Ìwọ? Ìwọ tí o máa ń kí mi, tí mo máa ń rò pé ẹ̀fọn ló kọjá létí mi?"

"Ìdí tí mo fi wá nìyẹn, mà. Kò sí àgbàlagbà tó wò ó nílé wa. Ilé Àràmídé ọ̀rẹ́ mi lèmi ti wò ó, Àràmídé sì ti gba gbogbo àgbàlagbà ibẹ̀ tán. Ẹ̀yin nìkan ló kù."

Àǹtí Àrìnpé na ẹ̀yìn rẹ̀ ró bí ẹni tí wọ́n pè sórí tábìlì àlejò.

"Ibi tó yẹ lo wá. Kọ ọ́: Fíìmù náà dára gan-an ni, àmọ́ kò dára."

Pẹ́ńsù Jael dúró. "Èwo nínú méjèèjì, mà?"

"Méjèèjì. Ṣebí wọ́n ní kí o má yọ kúrò?"

Jael kọ méjèèjì, ó sì fi àmì sórí wọn dáadáa.

"Kí lẹ rò nípa erékùṣù náà, mà?"

"Eré ta ni?"

"Erékùṣù."

"Kùṣù kankan ò sí níbẹ̀. Bàbá wà níbẹ̀, ìyá wà níbẹ̀, Tiwalọlá àti àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀, ìyá àgbà kan tó kàn ń wúkọ́ ṣáá tí kò sọ nǹkan kan wà níbẹ̀. Kùṣù wo? Àbí òun ló ṣe fíìmù náà?"

"Kì í ṣe orúkọ èèyàn, mà. Ilẹ̀ tí omi yí ká ni wọ́n ń pè ní erékùṣù. Òun ni òyìnbó ń pè ní áílàǹdì."

"Ẹn-hẹ́n! Áílàǹdì! O wá ń fi Kùṣù dà mí láàmú látàárọ̀. Ta ni kò mọ Áílàǹdì? Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kó lọ."

"Ẹ̀gbọ́n yín ń gbé ní erékùṣù?"

"Ọdún kẹrin rèé. Láti ọjọ́ tó ti kó lọ, ṣé a tún fojú kàn án mọ́?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí Jael ti dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Kò dá a dúró, nítorí àgbàlagbà ló ń sọ̀rọ̀, pẹ́ńsù sì ti ń kọ.

"Kọ ọ́: Gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa Áílàǹdì, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àwọn èèyàn yẹn, ṣé wọ́n rílé gbé?"

"Rárá, mà. Abẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n ń sùn."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni! Ẹni tí kò bá lè ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ gba yàrá kan níbẹ̀, abẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ ló máa sùn. Òjò ńkọ́?"

"Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, omi sì gba gbogbo ibi tí wọ́n wà."

"Òjò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo! O ò rí i pé wọn ò purọ́? Ṣé wọ́n rẹ́ni kí wọn?"

"Wọn ò rí ẹnikẹ́ni, mà."

"Ta ní ń kí èèyàn ní Áílàǹdì? Ẹ̀gbọ́n mi ní gíláàsì mọ́tò aládùúgbò òun lòun ń rí láràárọ̀, òun ò tíì rí ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Wọ́n sì ń dáná, kí ẹni tó bá ń kọjá lè rí èéfín."

"Jẹnẹrétọ̀ wọn nìyẹn. Kọ ọ́."

Jael wo ìwé rẹ̀. Gbogbo ìdáhùn náà ló bá fíìmù mu rẹ́gí. Ohun tó sì ń bà á lẹ́rù nìyẹn.

"Ṣùgbọ́n, àǹtí, Áílàǹdì ti Èkó kọ́ ni wọ́n…"

Àǹtí Àrìnpé fa irun náà mọ́. Ojú Jael gùn sókè díẹ̀, ọ̀rọ̀ sì padà sọ́nà ọ̀fun.

"Jẹ́ kí n sọ ibi tí mi ò ti gba tiwọn. Oṣù mẹ́ta! Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jókòó síbẹ̀, tí wọ́n ń sunkún pé àwọn ò mọ̀nà ilé. Kí ló dé? Ṣé wọ́n ti wó afárá ni?"

"Afárá wo, mà?"

"Third Mainland! Kí wọ́n rìn dé Ọbáléńdé, kí wọ́n wọ mọ́tò tó ń bọ̀ ní Ojú Ẹlẹ́gbà, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn délé. Èmi gan-an ti fẹsẹ̀ rìn ín rí pẹ̀lú ẹrù lórí. Kọ ọ́: Bàbá yẹn ò já fáfá."

"Ṣùgbọ́n kò sí afárá níbẹ̀, mà. Àárín òkun ni."

Ó tún fà á. "Ẹn! Wọ́n ṣe fíìmù Áílàǹdì, wọ́n gbàgbé afárá. Ìyẹn náà, kọ ọ́. Ìdí tí mo fi ní kò dára nìyẹn."

"Ṣùgbọ́n…"

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Ojú Jael ti rí bíi ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìyàlẹ́nu fún.

"Jael lo ń jẹ́, àbí? Nínú Bíbélì, Jael ló kan èèkàn mọ́ ọkùnrin kan lórí. Lónìí, ọwọ́ tèmi ni èèkàn wà. Jókòó jẹ́ẹ́." Ó fi ìrù òòyà la ìlà tuntun. "Ohun tó wá dùn mí jù lọ ni ọ̀rọ̀ ọkọ yẹn."

"Ọkọ wo, mà?"

"Èyí tó sá lọ. O ò rántí? Ìyàwó dúró létí omi, ó káwọ́ lérí, ó ń ké: 'Ọkọ ti lọ! Ọkọ wa ti lọ!' Omi bọ́ lójú mi. Ọkùnrin mú aya dé Áílàǹdì, ó rí àwọn aṣojúlóge ibẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀."

"Ọkọ̀ ni, mà. Ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn wá ni ìgbì gbé lọ. Bàbá ò lọ síbì kankan. Òun ló ń pa ẹja títí fíìmù fi parí. Ẹ má bínú."

"Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ. Ọkọ ló ní."

"Ọkọ, re-re, ni ẹni tó gbéyàwó. Ọkọ̀, re-dò, ni èyí tí à ń wọ̀." Jael kọ ọ́ lórin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí Tíṣà Ambrose ṣe ń kọ ọ́ fún wọn. "Re-re. Re-dò."

Àǹtí Àrìnpé ro ọ̀rọ̀ náà wò. "Re-dò ni èyí tí à ń wọ̀, tó sì máa ń rì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"A jẹ́ pé re-dò lèmi fẹ́. Tèmi ti rì tipẹ́."

Jael tẹjú mọ́ ìwé. Ó kọ ọ́.

"Kí lo ń kọ?"

"Ohun tí ẹ sọ, mà. Tíṣà ní ká má yọ kúrò."

"Ṣé o fẹ́ kí n fọwọ́ sí i, àbí o ò fẹ́? Pa á rẹ́! Ọmọ yìí fẹ́ tú mi nílé."

Jael fi rọ́bà pa á rẹ́, ó sì fẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò lórí ìwé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé ọkọ náà ló ń gbá dà nù.

"Oúnjẹ wọn ńkọ́, mà? Kí lẹ rò nípa rẹ̀?"

"Ìyẹn ni mi ò fẹ́ rántí. Ebi pa wọ́n débi pé wọ́n jẹ agbọ̀n."

"Agbọ̀n?"

"Agbọ̀n! Àbúrò Tiwalọlá ló ní, 'Màmá, mo ti jẹ odindi kan tán.' Mo ní, háà, ìyà yìí mà pọ̀ o. Ìwọ wo agbọ̀n tí mò ń kó òòyà sí yìí. Tébi bá pa ẹ́ dójú ikú, ibo lo máa kọ́kọ́ gé jẹ?"

Jael wo agbọ̀n náà. Ọmọ tó ń bọ̀wọ̀ fágbà ni, ó sì gbà pé ìbéèrè àgbà gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn. "Etí rẹ̀, mà. Ibẹ̀ ló rọ̀." Lẹ́yìn náà ni orí rẹ̀ wálé. "Ṣùgbọ́n àgbọn ni wọ́n jẹ, mà. Èyí tó ń so lórí igi. Dò-re."

"Re-dò, dò-re! Ṣé èrò mi lo wá gbà, àbí o fẹ́ kó mi wọ ẹgbẹ́ akọrin?" Ó fa irun náà fún 'ṣùgbọ́n' náà, ó sì fi kan sí i fún orin. "Kí ló kù?"

"Ó ku ìbéèrè kan péré, mà. Ibo ló dùn mọ́ yín jù?"

Ọwọ́ Àǹtí Àrìnpé dúró. Ó ti parí apá ọ̀tún orí náà, apá òsì ṣì wà ní títú bí igbó. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ìparí rẹ̀ ni. Ìyá àgbà yẹn, tó ti dùbúlẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ tó ń wúkọ́, tí kò bẹ́nì kankan sọ̀rọ̀. Lójijì ló fi gbogbo ẹnu ké sáwọn ọmọ: 'Kojúsọ́kọ! Ẹ kojúsọ́kọ!' Orí mi wú. Mo ní, ẹ wo àgbà! Nínú gbogbo ìyà yìí, kò gbàgbé irun àwọn ọmọ. Ogún ọdún tí mo ti ń dirun, mi ò gbọ́ kí fíìmù kan dárúkọ irun báyìí rí. Ìdí tí mo fi ní ó dára nìyẹn."

Jael gbàgbé pé òun ò ní ohùn. Ibi tí òun náà fẹ́ràn jù nìyẹn.

"Àǹtí, kì í ṣe irun! Ọkọ̀ ló ń bọ̀ wá gbà wọ́n! Àwọn ọmọ kẹ́yìn sí òkun, wọn ò rí i. Ìyá àgbà nìkan ló rí i, ó sì ní…"

Ibẹ̀ gan-an ni ará ilé kejì tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù gbọ̀n, dígí gbọ̀n, òòyà ń jó nínú agbọ̀n.

"Kí lo wí?" Àǹtí Àrìnpé fi ọwọ́ bo etí kan.

"Mo ní kojú sọ́kọ̀!"

"Kojúsọ́kọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà! Kojú sọ́kọ̀!"

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú! Re-mi-mi-dò!"

"Mi ò gbọ́ orin! Kojúsọ́kọ lo sọ, àbí òun kọ́?"

"Òun ni, mà!"

"Ó dáa náà. O ò bá ti wí látàárọ̀." Àǹtí Àrìnpé yí orí náà sí apá kejì, ó tún ìlà là. "Ẹni tó lorí ló làṣẹ."

Inú Jael dùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọ̀sán tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìfa irun. Àyà rẹ̀ kì, ó sì tẹ̀ síwájú, ó ń pariwo ju jẹnẹrétọ̀ lọ.

"Àti pé, àǹtí, gbogbo wọn ló ti rò pé ẹrù lásán ni ìyá náà! Bàbá ń sọ̀rọ̀, ìyá ń sọ̀rọ̀, Tiwalọlá kì í panu dé! Òun nìkan ni kì í sọ̀rọ̀! Torí kì í sọ̀rọ̀ ló ṣe ń ríran! Ọkọ̀ yẹn ti fẹ́ kọjá lọ! Ká ní kò la ẹnu lẹ́ẹ̀kan yẹn, ibẹ̀ ni wọn ì bá wà dòní! Ẹ̀ẹ̀kan péré ló pariwo nínú gbogbo fíìmù, àǹtí, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó sì gba gbogbo wọn là!"

Jẹnẹrétọ̀ ti kú láti ibi "ẹ̀ẹ̀kan péré" àkọ́kọ́. Ohùn Jael nìkan ló kù ní gbogbo àdúgbò. Lójú títì, ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ rò pé ìwàásù ni, ó ní, "Àmín o!"

Jael gbá ẹnu mú.

"Ibo lo gbé ohùn yìí pa mọ́ sí látọjọ́ yìí?" ni Àǹtí Àrìnpé wí, ó ń ta kókó sí ìdí irun tó kẹ́yìn. "Mi ò mọ ìdí tí ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí fi ń ra gbohùngbohùn. Ó parí. Gbé ìwé wá kí n fọwọ́ sí i, mo ní ìpàdé ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní aago márùn-ún."

Jael fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà fún un, ó kúnlẹ̀, ó sì tún fi pẹ́ńsù náà lé e lọ́wọ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bí èrò náà ṣe rí kò kàn án mọ́, kí wọ́n ṣáà fọwọ́ sí i.

Àǹtí Àrìnpé gbé ìwé sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. "Kí lo kọ síbí yìí? Orúkọ kí ni?"

"Orúkọ òǹwòran, mà."

"Òǹwòran? Èmi? Mi ò wò ó."

"Ẹ ò… kí ni?"

"Mi ò wò ó. Orí Jameelah ọmọ Alájà ni mò ń dì lánàá, irun rẹ̀ sì tín-ín-rín ju òwú aláǹtakùn lọ. Ṣé ẹni tó ń di irú orí bẹ́ẹ̀ lè gbójú sókè? Etí ni mo fi wò ó."

"Ẹ ò rí ọkọ̀ rárá?"

"Mi ò rí ọkọ̀, mi ò rí ọkọ, mi ò rí omi pàápàá. Àti pé ẹ̀rọ tí a fi ń mú irun gbẹ ń hó létí mi." Ó dá ìwé padà. "Kọ olùgbọ́ síbẹ̀, n ó fọwọ́ sí i. Èmi kì í purọ́ sórí ìwé."

"Tíṣà ò ní gba olùgbọ́, mà. Òǹwòran ló ní ká mú wá." Jael fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "A jẹ́ pé èmi ni n ó jáde láàárọ̀ ọ̀la."

"Tí o bá jáde ńkọ́? Ṣebí mo gbọ́ ọ báyìí? Ará ọ̀nà gbọ́ ọ, ó ní àmín. Má sunkún, wá wo dígí. Ẹni tí orí rẹ̀ bá dára, ẹ̀rù kì í bà á."

Jael wo dígí. Lápá ọ̀tún, irun rẹ̀ gun òkè lọ pàdé ara wọn ní àárín orí, ṣùkú gidi. Lápá òsì, kò sí èyí tó gun òkè. Gbogbo wọn ló kojú síbòmíràn, bí ẹni tó ń bá apá ọ̀tún jà.

"Àǹtí! Kí lèyí?"

"Kojúsọ́kọ. Ṣebí o fi igbe bẹ̀ mí?"

"Ọkọ̀ ni mo wí, mà! Re-dò!"

"Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ orin. Wò ó dáadáa kí o tó bínú. Apá ọ̀tún, Mainland nìyẹn. Apá òsì, Áílàǹdì. Ìlà gbọọrọ tí mo là sáàárín wọn yìí, Third Mainland ni. Àwọn onífíìmù yẹn gbàgbé afárá, èmi ò gbàgbé."

"Ẹ bá mi tú u, mà, ẹ jọ̀ọ́."

"Lọ́la, lẹ́yìn sùkúù. Mo ti pẹ́." Ó ti ń kó òòyà sínú agbọ̀n, ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́.

"Lọ́la? Báwo ni n ó ṣe gbé orí yìí dúró níwájú wọn, mà? Gbogbo wọn ló máa tẹjú mọ́ mi. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohun tí mò ń sọ."

Àǹtí Àrìnpé ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó fi ọwọ́ tún orí Jael ṣe, apá ọ̀tún àti apá òsì, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ṣebí òǹwòran ni tíṣà yín ń wá? Jáde sí i láàárọ̀ ọ̀la. Odindi sùkúù ni wàá mú fún un."